Kí ni mo lè fi tọ́jú ẹ̀wà yàtọ̀ sí òtapíapía?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbẹ̀ ẹgbẹ́ mi. Abà kan lẹ́yìn Ṣakí ni mo wà. Bí òjò bá ti ń rọ̀, ọ̀kadà nìkan ló ń dé ọ̀dọ̀ wa. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ọkọ̀ àwọn alájàpá ń wọlé, iye tó bá sì wù wọ́n ni wọ́n ń dá lé ọjà wa. Mo kórè ẹ̀wà àpò mẹ́fà. Lọ́dún tó kọjá mo tọ́jú mẹ́rin títí yóò fi wọ́n. Ìgbà tí mo tú ti àkọ́kọ́ lóṣù kẹrin, ìyẹ̀fun ló ń dà sílẹ̀, gbogbo hóró ló ti lu bí ajere. Àna mi ní kí n fi òtapíapía sí i lọ́tẹ̀ yìí. Ọkàn mi ò gbà á, torí àwọn ọmọ mi máa jẹ níbẹ̀.

Ìyá Alákàrà: Má dán an wò! Tí èmi bá ti gbóòórùn ẹ̀ lára ẹ̀wà, mi ò ní ná an mọ́. Láti 2019 ni NAFDAC ti ní kí wọ́n má ta ìgò kéékèèké rẹ̀ lọ́jà mọ́.

Àgbẹ̀ Ìgbẹ́tì: Oko ni kòkòrò yẹn ti ń bá ẹ̀wà wálé. Ẹ gbé hóró kan sójú oòrùn, ẹ lè rí àmì funfun bí orí abẹ́rẹ́. Ẹyin ni. Ọmọ inú ẹ̀ á lu hóró wọlé, ìgbà tó bá dàgbà ló máa dá ihò tí ẹ̀ ń rí yẹn jáde. Afẹ́fẹ́ ni kí ẹ gbà lẹ́nu ẹ̀. Àpò onípele mẹ́ta wà: ọ̀rá nínípọn méjì nínú, àpò lásán níta. Ẹ rọ ẹ̀wà sí i, ẹ fún afẹ́fẹ́ jáde, ẹ lọ́ ẹnu ọ̀rá inú, ẹ so ó, ẹ ṣẹ́ ẹ po, ẹ tún un so, kó tó kan èkejì. Ẹ má máa tú u wò o! Èmi ṣe é rí, gbogbo ọ̀sẹ̀ ni mò ń yọjú, àṣé mo ń fún kòkòrò ní èémí ni.

Bàbá Ìbejì: Tí o ò bá rí àpò yẹn, kẹ́ẹ̀gì òróró dára, tó o bá fọ̀ ọ́ tó gbẹ táútáú. Kó kún dé ẹnu, kó o dé e pinpin. Kẹ́ẹ̀gì oògùn oko kọ́ o! Má sì tọ́jú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Owó iléèwé ò mọ̀ pé ẹ̀wà ò tíì wọ́n. Ta méjì.

Ọmọ Àgíríkì: Ẹ kọ́kọ́ sá a dáadáa. Ẹ gé hóró kan jẹ: tó bá dún kẹ́, ó ti gbẹ. Tí eyín bá rì sínú ẹ̀ tí ẹ sì dì í pa, á bu. Ẹ gbé e sórí pákó, kí eku má lu ọ̀rá.

Ẹni tó béèrè: Ẹ ṣé gan-an ni. Mo gé e jẹ láàárọ̀ yìí, eyín ṣì rì díẹ̀, ó ti padà sórí àpáta. Àna mi ní kẹ́ẹ̀gì mẹ́ta wà nílé òun, ṣùgbọ́n òun ò rántí ohun tó wà nínú wọn tẹ́lẹ̀.

Bàbá Ìbejì: Fi kẹ́ẹ̀gì àna ẹ sílẹ̀ fún un.