Àbọ̀ ìbéèrè mi lórí géèmù gọ́ọ̀fù: ohun tó yanjú àti ohun tó kù

Mo béèrè níbí pé kí ló dé tí bọ́ọ̀lù mi fi máa ń yà kúrò lójú ọ̀nà tí mo bá ti gbé géèmù gọ́ọ̀fù orí kọ̀ǹpútà sí ìpele tó le jù, nígbà tí ìpele ìsàlẹ̀ kò ní wàhálà kankan. Ẹni tó ní kí n yẹ tẹlifíṣọ̀n tí mo so kọ̀ǹpútà mọ́ wò ló gbà á. Tẹlifíṣọ̀n náà ń pẹ́ díẹ̀ kó tó gbé àwòrán jáde, ìpele tó le kì í sì í fojú fo irú ìdádúró bẹ́ẹ̀ nígbà tí a bá fẹ́ tẹ bọ́tìnì gẹ́lẹ́ lórí àmì. Mo yí i sí Game Mode, ètò tẹlifíṣọ̀n tó ń dín ìdádúró náà kù, bọ́ọ̀lù sì ń lọ tààrà. Àmọ́ níbí ní Ilé-Ifẹ̀, bí iná bá lọ tó sì dé, tẹlifíṣọ̀n tèmi máa ń padà sí ètò àtijọ́, nítorí náà mo ní láti tún un ṣe kí n tó gbá bọ́ọ̀lù.

Dídín ìyára koríko ẹ̀bá ihò kù ràn mí lọ́wọ́ díẹ̀. Mo gbé e wá sí 9 lórí òṣùwọ̀n stimp, èyí tó ń fi ẹsẹ̀ bàtà ka ibi tí bọ́ọ̀lù yí dé lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Bọ́ọ̀lù kò sá kọjá ihò mọ́, ṣùgbọ́n koríko ìdíje àwọn ọ̀gá máa ń yá ju bẹ́ẹ̀ lọ, adùn rẹ̀ sì dín kù. Ìmọ̀ràn pé kí n pa afẹ́fẹ́ inú géèmù náà ni n kò gbà. Gọ́ọ̀fù wo ló kù níbẹ̀?

Gbígbá bọ́ọ̀lù jáde nínú kòtò iyanrìn nìkan ni kò tíì yanjú. Ẹ ṣeun.