Ọmọ fẹ́ fi aláǹtakùn ṣe ohun ọ̀sìn, bàbá rẹ̀ sì ń sá fún un: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Tòmíwá, Ìbàdàn
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 7, lè dúró ti ògiri títí kó máa wo aláǹtakùn. Ó ní kí n fún òun ní ìgò tí òun á fi sin ọ̀kan. Bàbá rẹ̀ kò sì lè wọ yàrá tí aláǹtakùn bá wà. Ara rẹ̀ á máa gbọ̀n, òógùn á bò ó. Oríṣi mẹ́ta là ń rí: ọ̀kan pẹlẹbẹ, aláwọ̀ eérú, tó ń sáré gan-an lára ògiri, ọ̀kan kékeré tó ń fò lójú fèrèsé, ọ̀kan ẹlẹ́sẹ̀ gígùn tó ń gbé kọ̀rọ̀ àjà. Láàárọ̀ àná, ìlà pupa kan hàn lọ́rùn ọmọ, ó ti ń yọ ìléròrò. Aládùúgbò wa ní aláǹtakùn ló tọ̀ sí i lára, bàbá rẹ̀ sì ti ní kí n ra oògùn tí a ó fín sí gbogbo ilé. Ṣé òótọ́ ni? Èwo ló léwu? Ṣé kí n jẹ́ kí ọmọ sìn ín? Kí la lè ṣe sí ẹ̀rù bàbá rẹ̀?

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́
Màmá Tòmíwá, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ọrùn ọmọ ni kí a kọ́kọ́ mójú tó. Aláǹtakùn kì í tọ̀ síni lára kí ara wá bó. Ìlà pupa tó ń yọ ìléròrò báyìí, iṣẹ́ kòkòrò kan tó ń jẹ́ Paederus ló jọ. Ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí èèrà, kì í sábà ju mìlímítà 10 lọ, orí rẹ̀ dúdú, àyà rẹ̀ pupa bí ọsàn tó pọ́n. Iná alẹ́ ló ń fà á wọlé, pàápàá lásìkò òjò. Kì í ta, kì í sì í géni jẹ. Inú ara rẹ̀ ni oró wà, tí wọ́n ń pè ní pederin. Ìgbà tí a bá fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́ awọ ni oró náà máa ń tú jáde. Ó lè tó wákàtí 24 sí 48 kí egbò tó hàn, kòkòrò náà ti lọ nígbà yẹn, aláǹtakùn tí wọ́n bá lára ògiri láàárọ̀ ni wọ́n á di ẹ̀bi rù.

Ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ọrùn náà, ẹ fọ aṣọ tó wọ̀ sùn àti aṣọ orí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ẹ fi aṣọ tí a rì sínú omi tútù lé e fún ìṣẹ́jú 10, lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí mẹ́rin lójúmọ́. Ẹ má tú ìléròrò náà. Kó má fi ọwọ́ tó kan ibẹ̀ nu ojú, nítorí oró yẹn lè wọ ojú kó sì wú. Bí ó bá kan ojú, tàbí tí egbò bá ń ṣọyún, ilé ìwòsàn ni o. Lọ́jọ́ mìíràn, tí kòkòrò yẹn bá bà síni lára, ẹ fẹ́ ẹ dànù, ẹ má gbá a.

Olùkọ́ Báyọ́lọ́jì
Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ẹ kà sílẹ̀, kò sí èyí tó léwu fún ènìyàn. Èyí tó pẹlẹbẹ, Selenops ni. Títẹ́ tí ara rẹ̀ tẹ́ ló jẹ́ kó lè wọ ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà. Kì í ta àwọ̀n, ṣe ló ń lúgọ de kòkòrò. Bí ẹ bá rí nǹkan funfun róbótó bíi bébà tó lẹ̀ mọ́ ògiri, àpò ẹyin rẹ̀ lè jẹ́. Ẹlẹ́sẹ̀ gígùn yẹn máa ń gbọn ara rẹ̀ jìgìjìgì tí a bá fọwọ́ kan àwọ̀n rẹ̀. Ó máa ń pa aláǹtakùn mìíràn jẹ pẹ̀lú. Èyí tó ń fò ló dùn wò jù: ojú 8 ló ní, méjì iwájú tóbi, á yíjú wo ẹni tó ń wò ó, á sì so okùn mọ́lẹ̀ kó tó fò.

Èyí tó yẹ kí ẹ ṣọ́ra fún ni aláǹtakùn olóró kan tó ń jẹ́ Latrodectus geometricus, tó wà ní ọ̀pọ̀ ibi nílẹ̀ Áfíríkà. Abẹ́ àga oníke, inú garawa tí a kò lò àti inú bàtà tó ti pẹ́ nílẹ̀ ló fẹ́ràn. Ikùn rẹ̀ rí róbótó, àmì pupa bí ọsàn wà lábẹ́ rẹ̀, àpò ẹyin rẹ̀ sì ní ẹ̀gún kéékèèké káàkiri. Ẹ gbọn bàtà kí ẹ tó wọ̀ ọ́.

Ìyá Àfí, Atakpamé
Ẹ̀yin tó ní oko náà, ẹ gbọ́ o. Ní Tógò níbí àti ní Gánà, aláǹtakùn onírun kan wà, Heteroscodra maculata, funfun pẹ̀lú àmì dúdú. Ihò igi ló ń gbé. Àwọn ará òkè òkun ń rà á sìn nítorí ẹwà rẹ̀, ṣùgbọ́n oró rẹ̀ le: ìrora gan-an, iṣan á sì máa fà. Igi ni kí ẹ fi yẹ ihò wò, ẹ má ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Bí ó bá gé ènìyàn jẹ, ẹ fọ ojú ibẹ̀, ẹ fi omi tútù lé e, ẹ gbé e lọ ilé ìwòsàn. Ẹ má sín in, ẹ má fẹnu fà á, ẹ má fi okùn dì í.

Afínko
Ẹ má náwó sí oògùn. Orí ẹsẹ̀ ni aláǹtakùn fi ń rìn, ikùn rẹ̀ kì í wọ́lẹ̀ bíi ti aáyán, nítorí náà oògùn tó ti gbẹ lára ògiri kì í fi bẹ́ẹ̀ ràn án. Àwọn tó ní dichlorvos, kẹ́míkà apakòkòrò kan, nínú kò yẹ nínú ilé rárá, èéfín rẹ̀ léwu fún ọmọ. Láti 2019 ni NAFDAC ti fòfin de títa ìgò rẹ̀ kéékèèké lọ́jà.

Oúnjẹ rẹ̀ ni kí ẹ gé kúrò. Ẹ gbé gílóòbù ẹnu ọ̀nà jìnnà sí ilẹ̀kùn ní mítà 2 tàbí 3, ẹ pa á tí ẹ kò bá lò ó. Ẹ dí ihò ara nẹ́ẹ̀tì fèrèsé, ẹ fi rọ́bà dí abẹ́ ilẹ̀kùn. Èyí á dá Paederus náà dúró. Ẹ fa páálí kúrò lára ògiri. Fún jàǹkárìwọ̀, ẹ so aṣọ tútù mọ́ orí igi gígùn, ẹ máa yí i bí ẹ ti ń gbá a. Tí ẹ bá nà án, eruku àti ẹyin á dà sí yín lórí. Ẹni tó bá gbà pé àmì ayé ni, kó gbàdúrà, kó sì gbá a náà. Ẹ má fi í dí ojú ọgbẹ́ o, ìdọ̀tí ló kún inú rẹ̀.

Káfílát, London
Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi bàbá ṣe yẹ̀yẹ́, kí ọmọ má sì gbé aláǹtakùn sún mọ́ ọn lójijì. Sísá ló ń bọ́ ẹ̀rù yìí: bí ó bá ti sá, ara á balẹ̀, ọkàn á sì gbà pé sísá ló yọ òun. Sísún mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀ ni ìtọ́jú rẹ̀. Lars-Göran Öst ará Sweden kọ̀wé ní 1989 nípa bí oníṣẹ́ ìtọ́jú ṣe lè ṣe é ní ìjókòó kan tí kò ju wákàtí 3 lọ. Nílé, ẹ pín in sí ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Kó kọ́kọ́ fọwọ́ ara rẹ̀ ya àwòrán aláǹtakùn. Kó wo fọ́tò, kó wo fídíò. Lẹ́yìn náà, kékeré nínú ìgò tí a dé, láti mítà 3, láti mítà 1, kó tó wá gbé ìgò náà dání.

Ní ìpele kọ̀ọ̀kan, kó sọ bí ẹ̀rù ṣe tó, láti 0 dé 10, kó sì dúró títí á fi dín sí ìdajì. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í: wọ́n á kúrò nígbà tó wà ní 8, ẹ̀rù á sì le sí i lọ́jọ́ kejì. Àwọn mìíràn á dúró, ṣùgbọ́n wọ́n á gbójú kúrò. Kó máa sọ ohun tó ń rí síta: bí ẹsẹ̀ ṣe gùn tó, ibi tí ojú wà. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ ló dára. Bí kò bá lè kọjá fọ́tò, ẹ wá onímọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá ní UCH, ilé ìwòsàn ńlá tó wà n'Ìbàdàn.

Ìyá Tòmíwá, Ìbàdàn
Ẹ ṣeun púpọ̀, Ọlọ́run á san án fún yín. Olùkọ́, tó bá jẹ́ èyí tó ń fò ni kó sìn, báwo ni a ó ṣe mú un?

Olùkọ́ Báyọ́lọ́jì
Ife tó mọ́ gaara ni kí ẹ dé lé e lórí, kí ẹ ti bébà líle sábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Tí ẹ bá kánjú, ẹsẹ̀ rẹ̀ á gé. Ìgò oníke tó ga tó sẹ̀ǹtímítà 10 ti tó. Ẹ fi abẹ́rẹ́ gbígbóná lu ihò bíi 10 sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ ki igi tín-ín-rín kan sínú, ẹ dojú ìdérí rẹ̀ kọlẹ̀, nítorí òkè ló ń ta ilé rẹ̀ sí, tí ẹ bá sì ń ṣí i láti òkè, ẹ ó máa ya ilé náà. Eṣinṣin kan láàyè ní ọjọ́ 2 sí 3, èyí tí kò tíì kan oògùn. Ẹ̀kán omi kan sí ẹ̀gbẹ́ ìgò lójoojúmọ́, kó má di adágún. Ẹ má gbé e sí oòrùn, ìṣẹ́jú díẹ̀ lè pa á. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, kí ọmọ dá a padà sójú fèrèsé.

Bí ó bá fi òwú funfun dí ara rẹ̀ mọ́nú tí kò sì jẹun, kò ṣàìsàn, ó lè jẹ́ pé ó fẹ́ bọ́ awọ. Ẹ yọ eṣinṣin tó bá kù níbẹ̀ kúrò kó má baà dà á láàmú, ẹ fi í sílẹ̀ títí á fi jáde fúnra rẹ̀.