Iléṣà ni mo ń gbé, Ifẹ̀ ni mo ti forúkọ sílẹ̀: báwo ni mo ṣe máa dìbò?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i. Ilé-Ifẹ̀ ni mo ti gba káàdì ìdìbò, àmọ́ Iléṣà ni mo ń gbé báyìí, ibẹ̀ ni mo sì ti fẹ́ dìbò yan alága ìjọba ìbílẹ̀ àti kánsẹ́lọ̀. Gọ́tà iwájú ṣọ́ọ̀bù mi ti dí pa. Tí òjò bá ti rọ̀, omi á wọlé bá àpò gààrí nílẹ̀. Kánsẹ́lọ̀ nirú èyí kàn, kì í ṣe gómìnà. Nígbà tí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sì ti dájọ́ lọ́dún 2024 pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́wọ́ wọn tààrà, kí ló dé tí màá jókòó sílé?

OSSIEC, ìyẹn àjọ elétò ìdìbò ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ló ń ṣètò ìdìbò náà, àmọ́ INEC, àjọ elétò ìdìbò ti ìjọba àpapọ̀, ló ni káàdì. Kí n lè gbé ìforúkọsílẹ̀ mi wá sí Iléṣà, ṣé ọ́fíìsì INEC Iléṣà ni kí n lọ, àbí kí n padà sí Ifẹ̀? Ìjọba ìbílẹ̀ méjì ló sì wà nínú Iléṣà, Ìlà-Oòrùn àti Ìwọ̀-Oòrùn. Báwo ni mo ṣe máa mọ èyí tó ni àdúgbò wa? Ohun táwọn aládùúgbò ń sọ kò bára mu. Ẹni tó bá ti ṣe é rí, ẹ jọ̀ọ́, ìwé wo ni wọ́n béèrè lọ́wọ́ yín?