Kànga ẹ̀rọ tí ẹgbẹ́ Rótárì ń gbẹ́ fún ìlú: kí ló ń mú kó gbẹ, kí ló ń mú kó pẹ́?

Olùdarí ìjíròrò

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú o, ẹ̀yin ará. Kànga ẹ̀rọ tí àwọn ẹgbẹ́ Rótárì wa, ẹgbẹ́ tó ń ṣe iṣẹ́ àánú fún ìlú, ń gbẹ́ fún abúlé àti ilé ìwé la fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lọ́sẹ̀ yìí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ti dá iṣẹ́ dúró kí ọ̀dà ara ògiri rẹ̀ tó ṣí. Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń wá omi, bí wọ́n ṣe ń kówó jọ, tàbí irú àlejò tó yẹ ká pè wá sọ̀rọ̀ nípàdé, kó kọ ọ́ síbí. Iye àti ìwọ̀n la fẹ́ o. Oríkì ààrẹ ẹgbẹ́ ti tó nínú ìwé ìròyìn wa.

Alága iṣẹ́ ìlú, Ìbàdàn

Kàlẹ́ńdà ni ọ̀tá àkọ́kọ́. Ọjọ́ kìíní oṣù keje ni ọdún Rótárì ń bẹ̀rẹ̀, ọgbọ̀njọ́ oṣù kẹfà ló ń parí. Ààrẹ kọ̀ọ̀kan fẹ́ ṣí iṣẹ́ tirẹ̀ kó tó gbé ipò sílẹ̀, ìyẹn ló fi jẹ́ pé oṣù karùn-ún àti ìkẹfà ni ẹ̀rọ agbẹ́lẹ̀ sábà máa ń dé abúlé. Òjò ti rọ̀ wọlẹ̀ nígbà yẹn, omi abẹ́ ilẹ̀ ti gòkè, ihò tí kò dáa pàápàá á sun omi. Wọ́n á gé rìbọ́n, wọ́n á ya fọ́tò. Tó bá di oṣù kejì ọdún tó tẹ̀ lé e, omi á wálẹ̀, pọ́ǹpù á bẹ̀rẹ̀ sí í fa afẹ́fẹ́. Ìyẹn ló ń jó sumo, ìyẹn pọ́ǹpù oníná tí wọ́n ń sọ sínú omi kànga, torí omi tó yí i ká ló ń mú un tutù.

Láàárín oṣù kìíní sí ìkẹta ni kẹ́ ẹ gbẹ́ ẹ. Omi tẹ́ ẹ bá bá nínú ọ̀gbẹlẹ̀ ò ní sá lọ nígbà òjò. Bẹ́ẹ̀, kí ẹ̀rọ tó lè dé lóṣù kìíní, owó gbọ́dọ̀ ti wà nílẹ̀ kí oṣù kọkànlá tó parí. Ṣe ni ká ti bẹ̀rẹ̀ ìkówójọ látìgbà tí ààrẹ bá ti gorí àga.

Ní Ìbàdàn, Ọ̀ṣun àti Èkìtì, orí àpáta la tẹ̀dó sí. Inú ilẹ̀ tó jẹrà lórí àpáta àti inú ibi tí àpáta ti sán ni omi máa ń wà. Ihò méjì lè wà nínú ọgbà kan náà, kí ọ̀kan kún, kí èkejì gbẹ fúrúfúrú. Ẹ má jẹ́ kí baálẹ̀ tàbí ọ̀gá ilé ìwé kàn na ọwọ́ síbi tí wọ́n á gbẹ́. Ẹni tó ń fi iná mànàmáná wo abẹ́ ilẹ̀ ni kó yàn án. Á gún irin mẹ́rin mọ́lẹ̀ lórí ìlà kan, á fi bátìrì rán iná gba méjì tó wà lóde wọlẹ̀, á sì fi méjì tó wà láàárín mọ bí ilẹ̀ ṣe ń dí iná náà lọ́wọ́ tó. Bó bá ṣe ń sún ti òde jìnnà síra, bẹ́ẹ̀ ni ohun tó ń kà ń jìn sí i. Ẹ ní kó yan ojú ibi méjì, kó sì sọ èyí tó dáa jù, torí àkọ́kọ́ lè já yín kulẹ̀. Kí kànga jìnnà sí ṣáláńgá ní 30 mítà ó kéré tán, kó sì wà lápá òkè rẹ̀.

Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn, ẹni tó máa ru ẹrù ihò tó bá gbẹ. Tí ẹ ò bá kọ ọ́, ẹ̀yin náà ni.

Ẹni tó ń bá wọn dúró tẹ̀rọ, Abẹ́òkúta

Ọ̀gá ti sọ ọ́ dáadáa. Ẹ jẹ́ kí n fi ti ọjọ́ gbígbẹ́ kún un.

Kí ẹnì kan látinú ẹgbẹ́ wà nídìí ẹ̀rọ látàárọ̀ dalẹ́, kó máa ka ọ̀pá irin tí ẹ̀rọ ń so mọ́ra wọn tì wọlẹ̀. Ẹ fi téèpù wọn ọ̀pá kan kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Tó bá jẹ́ mítà 3, ọ̀pá 20 ni 60 mítà. Kó máa fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà kan fún ọ̀pá kọ̀ọ̀kan tó bá wọlẹ̀. Agbẹ́kànga tó bá mọ̀ pé wọ́n ń ka òun kì í kọ 80 sínú ìwé owó fún 55. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ so irin wúwo mọ́ okùn, ẹ sọ ọ́ sínú ihò títí á fi kan ìsàlẹ̀, kẹ́ ẹ wá wọn okùn náà.

Páìpù tó ń lọ sínú ihò gbọ́dọ̀ nípọn. Páìpù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe omi ìdọ̀tí ilé á fún pọ̀ bí ilẹ̀ bá tì í. Èyí tó ní ojú wẹ́wẹ́ ni kó wà níbi tí omi ti ń wọlé, kí wọ́n sì da òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n ti fọ̀ yí i ká. Lókè pátápátá, ó kéré tán mítà 3, sìmẹ́ǹtì ni kí wọ́n rọ́ yí páìpù ká. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rẹ́ wa jẹ jù, torí ilẹ̀ á bò ó, ojú ẹnikẹ́ni ò ní tó o mọ́. Bí kò bá sí sìmẹ́ǹtì yẹn, ẹ̀gbin orí ilẹ̀ á máa bá ara páìpù sàn lọ sínú omi, ìgbẹ́ gbuuru á sì bẹ̀rẹ̀ lábúlé.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fọ ihò tí omi sì mọ́, ẹ má tíì ra pọ́ǹpù. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fa omi fún wákàtí púpọ̀ láìdáwọ́ dúró, kẹ́ ẹ máa fi aago wo kẹ́ẹ̀gì 20 lítà:

Tó bá kún ní ìṣẹ́jú-àáyá 80, lítà 900 ni wákàtí kan. Pọ́ǹpù àfọwọ́tẹ̀ bí India Mark II ló tọ́ sí i.
Tó bá kún ní ìṣẹ́jú-àáyá 20, lítà 3,600 ni wákàtí kan. Ẹ lè ronú sumo àti táǹkì.

Ìwọ̀n tí kẹ́ẹ̀gì bá fún yín níparí ni kẹ́ ẹ lò. Ti wákàtí àkọ́kọ́ máa ń tan èèyàn.

Ará Lẹ́kí

Níhìn-ín, omi ò ṣòroó rí. Iyọ̀ àti irin inú omi ni wàhálà wa. Omi á jáde ní mímọ́ lójú, kó tó di ọ̀la á ti pọ́n nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ẹ gbé omi lọ sí láàbù kẹ́ ẹ tó kọ́ ẹsẹ̀ táǹkì. Bí omi bá ní ásíìdì, irin páìpù á jẹra, ẹ lo ike tàbí irin tí kì í dípẹtà.

Akápò ẹgbẹ́

Àpò méjì ni ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ ní ní báńkì: ti owó oṣù, oúnjẹ ìpàdé àti ìwé, àti ti iṣẹ́ ìlú. Owó táwọn aráàlú bá dá fún omi, kò gbọ́dọ̀ gba ẹnu ọ̀nà ti àkọ́kọ́ kọjá.

Nípa alẹ́ ìkówójọ: ìlérí kì í ṣe owó. Ẹni tó bá gba makirofóònù tó lóun á fún wa ní ohun ńlá, kí akọ̀wé ti gbé fọ́ọ̀mù dé tábìlì rẹ̀ kó tó jókòó, kí ẹni tó ní POS sì tẹ̀ lé akọ̀wé. Lọ́jọ́ kejì, ariwo ti rọlẹ̀. Owó tó ti wọ báńkì nìkan ni kẹ́ ẹ fi bá agbẹ́kànga ṣàdéhùn. Tíkẹ́ẹ̀tì oríire (raffle) náà, ẹ tẹ nọ́ńbà sí i, kí ẹni tó gbà á fọwọ́ sí iye tó gbà, kó sì dá èyí tí kò tà padà pẹ̀lú ìdí ìwé tó ṣẹ́ kù lára èyí tó tà. Bí gbọ̀ngàn, oúnjẹ àti olórin bá jẹ ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó tẹ́ ẹ ń retí, àríyá lẹ̀ ń ṣe yẹn.

Àwọn kan ń sọ pé ká lọ gba ẹ̀bùn ńlá Global Grant lọ́dọ̀ Rotary Foundation, àjọ ìtọrẹ àánú Rótárì fúnra rẹ̀. Ó dáa, ṣùgbọ́n gbogbo owó iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ tó $30,000 ó kéré tán, ẹgbẹ́ kan gbọ́dọ̀ wà nílé, èkejì ní orílẹ̀-èdè mìíràn, a sì gbọ́dọ̀ ti béèrè lọ́wọ́ aráàlú ohun tí wọ́n nílò ká tó kọ̀wé. Kànga kan ṣoṣo kì í tó bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń rí i gbà máa ń fi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ilé ìwé, ibi ìfọwọ́ àti ẹ̀kọ́ ìmọ́tótó kún un.

Akọ̀wé tó ń pe àlejò

Àwa la máa ń fi àlejò olùbánisọ̀rọ̀ ṣòfò. Ẹ lò ó fún kànga yín. Lóṣù kẹjọ, ẹ pe onímọ̀ nípa omi abẹ́ ilẹ̀ láti yunifásítì, ẹ ní kó mú àwòrán ilẹ̀ agbègbè yín wá. Lóṣù kẹwàá, ẹ pe òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí omi ìgbèríko. Àlejò tó dára jù lójú tèmi ni ìyá tó jẹ́ alága ìgbìmọ̀ omi ní abúlé tí kànga rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́. Ẹ san owó ọkọ̀ rẹ̀, ẹ sì fún un láyè kó sọ Yorùbá.

Ẹ kọ lẹ́tà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú, ẹ kọ àkòrí sínú rẹ̀, ìṣẹ́jú 20 fún ọ̀rọ̀, 10 fún ìbéèrè. Ẹ pè é lọ́jọ́ tó ṣáájú. Ìlà márùn-ún tó láti fi júwe rẹ̀. Ẹni tí wọ́n ka ìtàn ayé rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti jẹ nínú àkókò ara rẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí abọ́ oúnjẹ bẹ̀rẹ̀ sí í dún nígbà tó ń sọ̀rọ̀. Lásìkò ìdìbò, ẹ yẹra fún ẹni tó ń du ipò, torí Rótárì kì í ti ẹgbẹ́ òṣèlú kankan lẹ́yìn.

Alága iṣẹ́ ìlú, Ìbàdàn

Ohun kan ló kù. Ta ló máa tún un ṣe? Ẹ jẹ́ kí abúlé yan ìgbìmọ̀ kí ẹ̀rọ tó dé, kí obìnrin pọ̀ nínú rẹ̀ torí àwọn ló ń pọn omi jù. Kí wọ́n fẹnu kò lórí iye tí kẹ́ẹ̀gì kan máa jẹ́, kí wọ́n sì ní ẹni tó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ń fi kànga lé wọn lọ́wọ́, ẹ fi sípánà, ṣéènì kan àti rọ́bà inú pọ́ǹpù, ó kéré tán ẹ̀dà méjì, lé e. Rọ́bà yẹn ló máa ń kọ́kọ́ jẹ. Ẹ kọ ìjìn ihò, ibi tí pọ́ǹpù dé nísàlẹ̀ àti ọjọ́ tí wọ́n gbẹ́ ẹ sára sìmẹ́ǹtì nígbà tó ṣì tutù, níbi tí orúkọ ààrẹ máa ń wà. Bí àyè bá ṣẹ́ kù, kẹ́ ẹ wá kọ orúkọ rẹ̀.