Iná atọ́kọ̀sọ́nà kẹ̀? Ta ló ń tọ́?

Ẹ̀yin àgbà, mo júbà. Láti àná ni mo ti ń ka àríyànjiyàn yín láìfọhùn, lórí orúkọ Yorùbá tó yẹ iná ara ọkọ̀ ojú omi (“navigation lights”). Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀gá wa tún ní “iná atọ́kọ̀sọ́nà” ti fìdí múlẹ̀, pé kí kálukú lọ sùn, ọ̀rọ̀ há mi lọ́fun.

“Tọ́” yẹn ló ń bí mi nínú. Ìyá ló ń tọ́ ọmọ. Onílé ló ń tọ́ àlejò sọ́nà. Ọ̀gá rò pé bí iná iwájú mọ́tò ni, èyí tí awakọ̀ fi ń rí kòtò. Rárá o! Ará ọkọ̀ kejì ni wọ́n tàn án fún. Pupa ní òsì, àwọ̀ ewé ní ọ̀tún, funfun ní ìdí. Ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì tún ń gbé funfun kan sókè tó kọjú síwájú. Bí mo bá rí pupa nìkan, apá òsì rẹ̀ ló kọ sí mi. Bó bá wá jẹ́ pé ọwọ́ ọ̀tún mi ló ti ń bọ̀ wá dábùú mi, èmi ni n ó yà fún un. Bí pupa àti ewé bá yọ pọ̀, ó dojú kọ mí nìyẹn, kí àwa méjèèjì yà sí ọ̀tún. Títọ́ dà níbẹ̀? Fífi ọkọ̀ hàn ni. Ìdí rèé tí mo fi dúró lórí “iná ìfọkọ̀hàn”.

Ẹnìkan bèèrè pé ṣebí wọ́n ní kí ọkọ̀ èrò má rìn lóru mọ́, kí la ń wá orúkọ fún. Òfin àgbáyé ti 1972, èyí tí wọ́n ṣe kí ọkọ̀ ojú omi má baà kọlu ara wọn, ní kí wọ́n tan iná yìí láti ìgbà tí oòrùn bá wọ̀ títí yóò fi yọ, àti lọ́sàn-án gangan bí ojú ò bá ríran jìnnà. Ẹni tó bá ti rí kùrukùru ọyẹ́ lórí Odò Ọya kò ní bèèrè. Ẹ sì yé sọ pé èmi ará Kúbwà, ní Àbújá, kò mọ omi. Ọdún mẹ́fà ni mo fi ṣiṣẹ́ ní Lọ́kọ́jà.

Bàbá mi àgbà ní Ẹ̀pẹ́ kò ní ju fìtílà kan nínú ọkọ̀ alájẹ̀, òfin ọ̀hún náà sì gba irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ láyè kó ní fìtílà tàbí tọ́ọ̀ṣì funfun nítòsí, kó gbé e jáde kó tó pẹ́ jù. Bí bàbá bá gbọ́ ẹ́ńjìnnì lọ́ọ̀ọ́kán, á ní, “Gbé e sókè kí wọ́n rí wa.” Kí wọ́n rí wa ni o, kì í ṣe ká ríran.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa fi àmì sórí ọ̀rọ̀. Ẹnìkan kọ “iná atọ́kọsọ́nà” lálẹ́ àná. Ìyàwó mi kà á lórí fóònù mi, ó ní èló ni wọ́n ń tà á.

Ti “iná dúdú” tí ẹnìkan ní ká máa pe ti ọ̀tún, torí pé àwọn bàbá wa ń pe ewé ní dúdú: mo gbà, ewé dúdú wà. Ẹ lọ sọ fún atukọ̀ ní Lọ́kọ́jà pé kó tan iná dúdú. Á pa iná náà ni.