Ẹni tó ní òun ti yí àkáǹtì padà lọ́jọ́ tí àjọ kàn án

Ìyá Ìbejì:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin ará. Tí àjọ bá kan ẹnì kan, tó wá kọ̀wé lálẹ́ ọjọ́ náà pé òun ti yí àkáǹtì padà, kí ló yẹ ká kọ́kọ́ ṣe?

Kúnlé:
Ẹ má sanwó, Mà. Láìnì gidi ni kẹ́ ẹ fi pè é. Tẹ́ ẹ bá pè é lórí WhatsApp, ẹni tó jí WhatsApp náà ló máa gbé e. Voice note kì í ṣe ẹ̀rí mọ́, kọ̀ǹpútà ti ń sín ohùn èèyàn jẹ.

Bí wọ́n ṣe ń jí i rèé: olè á tẹ nọ́ńbà yín sórí fóònù tiẹ̀, WhatsApp á fi kóòdù oní-nọ́ńbà mẹ́fà ránṣẹ́ sí yín. Ọ̀rẹ́ yín kan, tí wọ́n ti jí tiẹ̀ ṣáájú, á wá kọ̀wé pé, “Jọ̀ọ́, kóòdù mi ṣèèṣì wá sọ́dọ̀ rẹ.” Kóòdù ẹlòmíì kì í ṣìnà wọ fóònù ẹni.

Ẹ lọ sí Settings, Account, Two-step verification. Ẹ fi PIN sí i, kẹ́ ẹ fi email yín tì í. Ẹni tó bá gbàgbé PIN láìsí email á dúró fún ọjọ́ 7.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì:
Ẹ wo Linked devices náà, ibẹ̀ lẹ ó ti rí àwọn ẹ̀rọ míì tó ń lo WhatsApp yín. Èyí burú torí fóònù yín á ṣì máa ṣiṣẹ́, olè á sì máa ka gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú yín. Èyí tẹ́ ò bá mọ̀, ẹ tẹ Log out.

Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ tẹ **21* tàbí **67* pẹ̀lú nọ́ńbà kan “kí láìnì yín lè dáa”, ìpè yín ló fẹ́ darí sọ́dọ̀ ara rẹ̀, kí WhatsApp lè pe kóòdù náà sí i létí. ##002# ló ń pa á rẹ́. Ó lè pa voicemail pẹ̀lú, ẹ kàn tún un tàn.

Ìyá Ìbejì:
Tí wọ́n bá ti jí i tán ńkọ́? Tówó sì ti lọ?

Kúnlé:
Ẹ tún fi nọ́ńbà yín wọlé, ẹ tẹ kóòdù tuntun, olè á já bọ́ lójú ẹsẹ̀. Tó bá ti fi PIN tiẹ̀ dènà, ẹ máa dúró fún ọjọ́ 7, àmọ́ òun náà ti wà níta.

Bọ̀dá Wálé:
Ti owó: nílùú ọba níbí, ẹ pe 159, á so yín pọ̀ mọ́ báńkì yín. Láti October 7, 2024, báńkì gbọ́dọ̀ dá owó padà fún ẹni tí wọ́n tàn láti fowó ránṣẹ́ láàárín àkáǹtì UK méjì, títí dé £85,000. Wọ́n lè yọ £100 níbẹ̀. Owó tó bá ti kọjá sí Nàìjíríà ò sí lábẹ́ òfin yìí. Tí báńkì bá sì ti kìlọ̀ pé orúkọ ò bá àkáǹtì mu, tẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ kọjá, wọ́n lè fi yẹn ṣe àwáwí.

Ṣéńjì pọ́n-ùn sí náírà ló ń bà mí lẹ́rù jù. Rate tó dùn ju ti gbogbo èèyàn lọ ni ìjẹ tí wọ́n fi ń mú ẹja. Àjèjì á san pọ́n-ùn sínú àkáǹtì yín, ẹ̀yin á ní kí ará ilé san náírà fún un ní Èkó. Tí pọ́n-ùn yẹn bá jẹ́ owó olówó, tí olówó lọ fẹjọ́ sun, àkáǹtì yín ni wọ́n máa tì pa. Náírà ti lọ ná. Orúkọ yín sì lè wà lọ́dọ̀ Cifas, ilé-iṣẹ́ tó ń kọ orúkọ àwọn tí ọ̀rọ̀ jìbìtì kàn sílẹ̀ fún àwọn báńkì UK, fún ọdún 6. Kẹ́ ẹ tó rí owó ilé yá, wàhálà ni. Fóònù kọ́ńtíráàtì gan-an lè ṣòro.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ ṣé gan-an. Alága, ẹ jẹ́ ká kọ àkáǹtì gbogbo wa sínú ìwé ní ìpàdé. Ẹni tó bá fẹ́ yí tiẹ̀, kó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá.