Ẹ yọ "dá" kúrò nínú iṣẹ́ abẹ yìí

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú iṣẹ́ èdè o.

Mo ka ohun tí ọmọ wa tó wà ní Bódìjà kọ lọ́jọ́ Ẹtì. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kà á, kí n má bàa fi ìkanra dáhùn. Ó ní òun ń ṣe ìwé pélébé fún àwọn aláìsàn, lórí iṣẹ́ abẹ tí dókítà ń lo rọ́bọ́ọ̀tì fún, tí wọn kì í la ikùn gbàgà mọ́. Orúkọ tó sọ ọ́ ni "iṣẹ́ abẹ́ ẹ̀rọ aládàáṣe, aláìdá-ọgbẹ́". Ó ní kí gbogbo wa fọwọ́ sí i. Èmi ò lè fọwọ́ sí i. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ jáde bẹ́ẹ̀, irọ́ la pa fún ẹni tó ń ṣàìsàn.

Ẹ jẹ́ ká mú ti àmì ohùn kúrò nílẹ̀ ná. Abẹ ni, kì í ṣe abẹ́. Abẹ ni irin tí a fi ń fárí, tí a fi ń kọlà. Abẹ́ ni ìsàlẹ̀ nǹkan, ó sì tún jẹ́ ohun mìíràn tí gbogbo wa mọ̀, tí n ò ní kọ síbí. Ìwé tó ń lọ sọ́wọ́ ìyá àgbà ní wọ́ọ̀dù kò gbọdọ̀ ní irú àṣìṣe yẹn. Olóòlà ni bàbá tó bí ìyá mi, lágboolé wa lẹ́yìn Bẹẹrẹ. Mo mọ àpò awọ tó ń kó abẹ rẹ̀ sí. Bí ọmọdé bá ṣi ohùn pè é, Bàbá á dá iṣẹ́ dúró, á ní kó tún un pè. Ẹni tí kò bá mọ orúkọ irin, Bàbá kì í jẹ́ kó fọwọ́ kàn án.

Àmọ́ "dá" ló ń jó mi lára jù.

"Dá" inú aládàáṣe ni "dá" inú dájẹ àti dágbé. Òun ló wà nínú àdáṣe ní ń hunni, àjọṣe kì í hunni. Ẹnì kan dìde lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ó ní kì í ṣe "dá" yẹn, pé "dá" ti ìṣẹ̀dá ni, nítorí ènìyàn ló dá ẹ̀rọ. Ó wá fi kún un pé oyè ọ̀mọ̀wé nínú ẹ̀kọ́ èdè lòun gbà, kí àwa tó kù rọra. Mo bọ̀wọ̀ fún oyè rẹ̀. Ọdún 31 lèmi náà fi kọ́ Yorùbá ní girama nílùú Ìbàdàn yìí, mo sì mọ ohun tí mo máa ń ní kí ọmọ kíláàsì kejì dán wò. Ọlọ́run dá ayé: ó yé wa. Ọlọ́run dá ayé ṣe: ìtumọ̀ ti yí, ó di pé Òun nìkan ló ṣe é. Níwọ̀n ìgbà tí "ṣe" bá ti tẹ̀ lé "dá", àìsí ẹlòmíràn níbẹ̀ ni etí ń gbọ́. Ẹ sọ aládàáṣe fún ìyá kan ní Ọjà'ba, ohun tí yóò mú relé ni pé irin nìkan ni yóò gé òun, kò ní sí ènìyàn níbẹ̀.

Ó ṣẹlẹ̀ sí àbúrò ìyá mi. Mọ́mì lọ sọ́dọ̀ ọmọ wọn ní London, wọ́n rí kókó nínú ilé-ọlẹ̀ Mọ́mì, dókítà ní rọ́bọ́ọ̀tì lòun máa fi yọ ọ́. Ọmọ wọn túmọ̀ rẹ̀ sí ẹ̀rọ aládàáṣe, bó ṣe rí i kà. Mọ́mì yarí. Òru ni wọ́n pè mí láago: "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé irin lásán ni wọ́n fẹ́ gbé mi fún?" Mo ní, "Ẹ fara balẹ̀, Mọ́mì. Dókítà ni yóò ṣe é. Irin yẹn ni yóò fi ṣe é." Wọ́n ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó gbà.

Ẹ wo bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́. Èyí tí ayé mọ̀ jù ni da Vinci, tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí lọ́dún 2000. Apá mẹ́rin ló wà lára irú èyí tó pọ̀ lóde báyìí. Wọ́n á fi afẹ́fẹ́ wú ikùn sókè kí àyè lè wà, wọ́n á lu ihò bíi mélòó kan, tí ọ̀pọ̀ wọn kò ju nǹkan bíi mìlímítà 8 lọ, kámẹ́rà àti àwọn irin á gba ibẹ̀ wọlé. Dókítà kò ní dúró ti bẹ́ẹ̀dì. Á jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan nínú tíátà, á ki ojú bọ awò, á fi ìka di ohun ìdarí mú. Bó bá yí ọrùn ọwọ́, irin inú ikùn á yí. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀, ẹ̀rọ á sẹ́ gbígbọ̀n náà kúrò bí ẹni sẹ́ ògì. Bó bá sún ọwọ́ níwọ̀n ìbú ìka mẹ́ta, wọ́n lè tò ó kí irin sún níwọ̀n ìka kan péré. Bí dókítà bá sì gbé ojú kúrò nínú awò yẹn, gbogbo apá ẹ̀rọ á dúró gbagidi. Wọn ò ní mira títí yóò fi dá ojú padà. Ṣé ohun tó ń dá ṣe nìyẹn? Ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

Lóṣù Kẹsàn-án 2001, Jacques Marescaux, dókítà ará Faransé kan, jókòó ní New York, ó fi irú ẹ̀rọ báyìí yọ àpò òróòro obìnrin kan tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì ní Strasbourg, nílẹ̀ Faransé. Odindi òkun ló wà láàárín wọn. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n ń ròyìn rẹ̀, Marescaux ni wọ́n ní ó ṣe é. Kò sẹ́ni tó ní ẹ̀rọ ló dá a ṣe.

Nítorí náà, "fi" ni kó rọ́pò "dá". "Fi" kì í dá dúró. Bí o bá ti gbọ́ ọ, o mọ̀ pé ẹnì kan wà tó fi nǹkan ṣe nǹkan. A ní àfọwọ́kọ, a ní àfọwọ́fà. Iṣẹ́ abẹ àfẹ̀rọṣe kò ṣòro pè.

Ẹnìkan mú "ẹ̀rọ ìwọ̀fà" wá, nítorí pé inú èdè Ṣẹ́ẹ̀kì ni wọ́n ti fa robot yọ ní 1920, láti ara ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí iṣẹ́ tálákà lóko olówó. Ó jinlẹ̀, mo gbádùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ̀fà ń padà sílé ara rẹ̀, ó sì ń roko ara rẹ̀. Ẹ̀rọ yìí kò ní oko kankan. Ta ló sì fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ gbèsè níbi tó ti fẹ́ gba ìwòsàn?

Aláìdá-ọgbẹ́ náà kò dára. Ọgbẹ́ wà níbẹ̀, ó kàn kéré ni. Onígbẹ́rẹ́ ni mo ní ká pè é, torí gbẹ́rẹ́ ni Yorùbá ń pe ojú abẹ tín-ín-rín. Màmá wa tó ṣe nọ́ọ̀sì kò gbà. Wọ́n ní gbẹ́rẹ́ kì í kọjá awọ ara, àti pé ẹlẹ́sìn tó bá gbọ́ ọ á rò pé oògùn ni wọ́n fẹ́ sín sí òun lára. Ti awọ ara yẹn, mo gbọ́. Ti ẹlẹ́sìn, mi ò gbà o, Màmá, ẹ má bínú. Orúkọ ojú abẹ ni gbẹ́rẹ́ kó tó di ti oògùn. Bí a bá ń sá fún gbogbo ọ̀rọ̀ tí oníṣègùn fi ẹnu kàn, kí ni yóò kù fún wa láti fi sọ̀rọ̀ ìlera?

Màmá á dá mi lóhùn, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ ọmọ mi ní Bódìjà, o ní ọjọ́ Ajé ni ìwé náà ń lọ sọ́dọ̀ atẹ̀wé ní Mọ́kọ́lá. Bí o kò bá lè dúró de èmi àti Màmá lórí gbẹ́rẹ́, kọ "oníhò kékeré" síbẹ̀ ná. Yọ àmì orí abẹ́. Yọ "dá".